Ìwé Tí Ó Lè Dá Ìwé Lóhùn: Ìtàn Ìtẹ̀wé Aládàáni Lórí Ọ̀ràn Ogun àti Ààbò Ìlú ní Ilẹ̀ Yorùbá



Àwọn àgbà sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Bí a bá yẹ òwe yìí wò dáadáa, a ó rí i pé ohun méjì ni ó ń béèrè. Èkíní ni pé kí ẹnì kan wà tí yóò sọ ọ̀rọ̀ ogun náà kí ogun tó dé. Èkejì ni pé kí ẹni tí ó gbọ́ ọ ní ọgbọ́n tí yóò fi wọn ọ̀rọ̀ náà wò. Láyé àtijọ́, amí ni ó ń lọ wo ibùdó ọ̀tá, àrokò ni ó ń gbé ìkìlọ̀ láti ìlú dé ìlú, àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì ń fi ìtàn ogun tí ó ti kọjá pamọ́ sínú ọpọlọ wọn. Amí ń jẹ́ iṣẹ́ fún balógun. Arọ́kin ń jẹun lọ́dọ̀ ọba. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìwé títẹ̀ ti wọ inú iṣẹ́ yìí, ìtàn àwọn tí wọ́n tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ ìránṣẹ́ ọba tàbí ti balógun ni mo sì fẹ́ sọ lónìí.

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó fa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọdẹ àgbà kan, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣọ́ oko àti ọ̀nà ní agbègbè yìí, bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ìwé wo ni èmi lè kà lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí?” Mo ní, “Bàbá, ìwé pọ̀.” Ó ní, “Ní èdè wo?” N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Èsì rẹ̀ ni mo gbé wá yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní dùn mọ́ mi láti sọ ọ́ tán.

1. Ohun tí à ń pè ní ìtẹ̀wé aládàáni

Nígbà tí mo bá sọ pé ìtẹ̀wé aládàáni lórí ọ̀ràn ààbò, n kò sọ nípa ìwé tí ń tú àṣírí ibùdó ogun fún ọ̀tá. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni ìwé tí ó dá lé ogun, ọlọ́pàá àti ìṣọ́ ìlú, tí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà àti àwọn tí ń ṣe ìwádìí rẹ̀ ń kà, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ìjọba tàbí ọ̀gágun ni ó ń pàṣẹ ohun tí yóò wà nínú rẹ̀.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní àwọn ilẹ̀ mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi kan kó ara wọn jọ ní Annapolis ní ọdún 1873, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé àtìgbàdégbà kan jáde ní 1874. Nínú ìwé náà, ọ̀gá kékeré lè kọ̀wé tako èrò ọ̀gá àgbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Fred T. Jane, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwòrán yíyà àti ìwé kíkọ, tẹ ìwé kan jáde ní 1898 tí ó to ọkọ̀ ogun gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú àwòrán wọn. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ogun fúnra wọn fi ń rà á láti dá ọkọ̀ ọ̀tá mọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́.

Àwọn ènìyàn a máa rò pé òmìnira irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó kọ ọ́ má ṣègbè. Bí ìyẹn bá ni òṣùwọ̀n wa, kò sí ìwé ogun kan tí yóò yege, nítorí pé kò sí ẹni tí ogun kọjá ní ilé rẹ̀ tí kò ní ibi tí ọkàn rẹ̀ tẹ̀ sí. Èrò tèmi ni pé òmìnira ìwé ogun wà nínú kí ìwé mìíràn lè dìde kí ó dá a lóhùn. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òṣùwọ̀n yìí ni n ó fi wọn ìtàn tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

2. Abẹ́òkúta, 1859 sí 1867

Ní ọjọ́ 3 oṣù December, ọdún 1859, ni Henry Townsend, míṣọ́nárì ìjọ CMS, tẹ ẹ̀dà kìn-ín-ní Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún kejì ni Gẹ̀ẹ́sì tó wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe ìwé ogun ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú tí ó ti bí i kò lè sọ̀rọ̀ kí ó má sọ ti ogun. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ti kọ lu Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n sì tún padà wá ní 1864. Nígbà tí ìwé náà kò tíì pé ọdún kan ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, tí Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, tí wọ́n sì kọjú ìjà sí Ìbàdàn.

Ìwé Townsend kì í ṣe ti Aláké, kì í sì í ṣe ti gómìnà Èkó. Síbẹ̀, ojú Ẹ̀gbá ni ó fi wo ogun náà. Ní Ìbàdàn, míṣọ́nárì ìjọ kan náà, David Hinderer, àti aya rẹ̀ Anna wà nínú ìlú tí ogun ti dí ọ̀nà rẹ̀, ohun tí àwọn ń rí sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé ìròyìn kankan ní Ìbàdàn nígbà náà. Ìgbà tí àkọsílẹ̀ Anna Hinderer jáde ní London ní 1872, obìnrin náà ti kú, ogun náà sì ti tán tipẹ́. Ohùn kejì dé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọjà ti tú ni.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí. Ní 1861, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, Captain A. T. Jones, wá wo ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ẹ̀gbá, ó sì kọ ìròyìn nípa wọn ránṣẹ́ sí ìjọba rẹ̀. Ìròyìn náà wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn baba wa ṣe ń jagun. Ṣùgbọ́n inú àpótí ìwé ìjọba ni ó wà títí di 1964, nígbà tí J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith fi í kún ẹ̀yìn ìwé wọn lórí ogun jíjà ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ka ìròyìn lórí ogun wa ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí àwa tí a jà á tó kà á.

Ní oṣù October, ọdún 1867, nígbà tí ìjà láàrin Abẹ́òkúta àti ìjọba Èkó dé ògógóró tí wọ́n sì lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú, Ìwé Ìròyìn kú.

3. Ìwé tí ó sọnù

Samuel Johnson mọ ogun Kírìjì ju ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọ̀nà lọ. Òun àti Charles Phillips ni wọ́n jẹ́ ìránṣẹ́ àlàáfíà láàrin ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ ní 1886, nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibùdó ogun náà kò tú tán títí di 1893. Ó bá àwọn balógun jókòó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn arọ́kin, ó sì parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 nígbà tí ó jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ní Ọ̀yọ́.

Kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ní 1899, wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nárì. Ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láì fojú rí i. Àbúrò rẹ̀, oníṣègùn Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí ó kù. Nígbà tí wọ́n fi ti ẹ̀ẹ̀kejì ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ Appam tí ó gbé e lójú òkun, wọ́n sì tù ú lọ sí Amẹ́ríkà. Ìgbà tí ìwé náà fi jáde ní 1921, Obadiah pẹ̀lú ti kú.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ó wà láàrin 1897 sí 1921. Ní àwọn ọdún yẹn gan-an ni ìjọba òyìnbó ń to ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn ìlú ń rojọ́ ààlà àti ipò níwájú àwọn ajẹ́lẹ̀. Ìwé tí ó kún jù lọ lórí bí ogun ṣe kó àwọn ìlú náà sí ibi tí wọ́n wà kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ìrántí rẹ̀ wà.

Nígbà tí ó sì jáde, ó dúró lóun nìkan fún ìgbà pípẹ́. Ojú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni Johnson fi wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan, n kò sì bá a wí nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún 1971 ni S. A. Akintoye tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, tí ó fi ogun kan náà hàn wá láti apá Èkìtìparapọ̀. Àádọ́ta ọdún ni ìwé kan fi dúró kí èkejì tó dá a lóhùn.

4. Ọjà Àpòmù àti àwa ará ìhín

Ẹ lè máa sọ nínú ọkàn yín pé kí ni èyí kan Ilé-Ogbó. Ẹ jẹ́ kí a wo aládùúgbò wa. Kuta, tí òun àti Ilé-Ogbó jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, ìlú Òwu ni í ṣe. Àpòmù kò sì jìnnà sí wa. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti sọ ọ́, ọjà Àpòmù ni iná ogun Òwu ti ràn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n ń jí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n wá ná ọjà náà gbé, wọ́n sì ń tà wọ́n. Wọ́n ránṣẹ́ sí Olówu kí ó fòpin sí i; Òwu kọ lu àwọn ìlú Ifẹ̀ tí ọ̀ràn náà kàn; Ifẹ̀ bínú. Lẹ́yìn náà ni ìjà lórí iye owó ataare láàrin ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ní ọjà kan náà fa Ìjẹ̀bú wọ inú ọ̀ràn. Ìbọn ni Ìjẹ̀bú gbé wá, nítorí pé wọ́n sún mọ́ òkun. Àdá ni àwọn Òwu gbẹ́kẹ̀ lé. Òwu tú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fọ́n káàkiri.

Ẹ wo bí ìtàn yìí ti wúlò tó fún ẹni tí ń ṣọ́ ìlú lónìí. Ìjínigbé lójú ọ̀nà ọjà. Àṣẹ tí a pa láì ronú ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ nínú ohun ìjà tí ẹnì kan kò kà sí títí ó fi dé ojú ogun. Ní 1971, A. L. Mabogunje, onímọ̀ nípa ilẹ̀, àti J. Omer-Cooper, onímọ̀ ìtàn, pawọ́ pọ̀ láti tún ìtàn Òwu yẹ̀ wò, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn ni ó sì tẹ̀ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ti tẹ ìwé Tekena Tamuno lórí ọlọ́pàá ní Nàìjíríà, láti 1861 sí 1965, jáde ní 1970. Òótọ́ ni pé owó ìjọba ni yunifásítì ń ná, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá ni ó yan ohun tí Tamuno yóò kọ nípa ọlọ́pàá. Ìyàtọ̀ yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni òpó tí ó gbé ilé dúró.

5. Nígbà tí àwọn ọ̀gágun mú kálàmù

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní July 1967, ó sì parí ní January 1970. Fún bí ọdún mẹ́wàá, ìwé tí àwọn tí wọ́n pàṣẹ lójú ogun fi ọwọ́ ara wọn kọ kò pọ̀. Ní 1980 ni ilẹ̀kùn ṣí. Ní ọdún náà, Olusegun Obasanjo, tí ó gba àṣẹ lórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹta ní 1969 lẹ́yìn Benjamin Adekunle, tẹ My Command jáde lọ́dọ̀ Heinemann. Ní ọdún kan náà, Alexander Madiebo, tí ó jẹ́ olórí ọmọ ogun Biafra, tẹ ìwé tirẹ̀ lọ́dọ̀ Fourth Dimension, ilé-iṣẹ́ tí Arthur Nwankwo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Enugu. Ní 1981, Adewale Ademoyega, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dìtẹ̀ gbàjọba ní January 1966, tẹ Why We Struck jáde lọ́dọ̀ Evans ní Ìbàdàn. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó ṣẹ́gun, ẹni tí a ṣẹ́gun, àti ẹni tí ó dá iná náà sílẹ̀, gbogbo wọn sọ tiwọn láàrin ọdún méjì, ní orílẹ̀-èdè tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ là kọjá. Ilẹ̀ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò tíì parí. Ní 2013, Godwin Alabi-Isama, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá òṣìṣẹ́ ológun lábẹ́ Adekunle, tẹ The Tragedy of Victory jáde lọ́dọ̀ Spectrum, ilé-iṣẹ́ tí Joop Berkhout dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1978. Ó kó àwòrán ilẹ̀ àti fọ́tò ogun kún inú rẹ̀, ó sì tako ohun púpọ̀ nínú My Command. Kì í ṣe èmi ni n ó dá ẹjọ́ láàrin àwọn ọ̀gágun. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọgbọ́n nínú ogun náà ní apá yẹn kò ní ìwé tí ó gùn tó báyìí tí yóò fi ìwé kìn-ín-ní dánwò. Òǹtẹ̀wé tí ó gbà láti tẹ èsì náà, láìfi ti ipò ẹni tí ó ń dá lóhùn ṣe, ni ó mú kí ẹjọ́ náà di ẹjọ́ ẹni méjì.

6. Àṣírí àti ìtìjú

A kò lè ṣe aláìsọ̀rọ̀ òfin. Òfin Àṣírí Ìjọba ti 1962 fi ìyà sí títú ìwé tí ìjọba bá kà sí àṣírí síta. Ní 1984, ìjọba ológun ṣe Òfin Kẹrin, tí ó fi ẹ̀wọ̀n sí ìròyìn tí a bá kà sí ẹ̀sùn èké sí òṣìṣẹ́ ìjọba; akọ̀ròyìn méjì ti Guardian, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, lọ sí ẹ̀wọ̀n lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún náà. Ní 2011 ni òfin tí ó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ìjọba tó dé.

N kò sọ pé kí ìjọba má ní àṣírí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Ibi tí àwọn ọmọ ogun yóò gbà kọjá lóru, orúkọ ẹni tí ó ń ṣe amí fún ìlú, ìwọ̀nyí jẹ́ àṣírí tòótọ́, ẹni tí ó bá tẹ̀ wọ́n sínú ìwé ń pànìyàn ni. Ṣùgbọ́n ìdí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ kò fi dé títí ilé fi jó tán, ìtìjú ni ìyẹn, kì í ṣe àṣírí. Ọ̀gá tí ó bá ń pe ìtìjú ní àṣírí yóò tún ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé kò sí ibi tí a kọ ti àkọ́kọ́ sí.

Ìjọba ní àwọn ilé ìwádìí tirẹ̀: èyí tí ó wà fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ní Èkó láti 1961, àti èyí tí ó wà ní Kuru fún ìlànà àti ètò orílẹ̀-èdè láti 1979. Mo ka ìwé wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìjọba ń sanwó fún láti gba ìjọba nímọ̀ràn kò lè jẹ́ òun nìkan ni yóò máa yẹ iṣẹ́ ìjọba wò.

7. Èsì fún ọdẹ àgbà

Mo padà sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní January 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní apá wa gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní Ìbàdàn. Lára àwọn tí a gbà sínú rẹ̀ ni ọdẹ àti ọmọ ọdẹ, tí wọ́n mọ igbó, tí èdè Yorùbá sì ni wọ́n fi ń ronú lórí iṣẹ́ wọn. Ẹ wá ka àwọn ìwé tí mo dárúkọ lónìí: Johnson, Ajayi àti Smith, Tamuno, Mabogunje, Akintoye, gbogbo àwọn ọ̀gágun. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Ìwé ìròyìn tí a fi bẹ̀rẹ̀ ní 1859 nìkan ni ó bá ẹni tí ogun kàn sọ̀rọ̀ ní èdè ẹni náà. Láti Abẹ́òkúta títí dé ìhín, ìmọ̀ wa pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí àwọn tí ń gbé ẹ̀mí wọn lé ọwọ́. Èsì tí kò dùn mọ́ mi láti sọ nìyẹn, mo sì wà nínú àwọn tí ẹ̀bi rẹ̀ kàn, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni èmi náà fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé mi.

Nítorí náà mo fẹ́ dá àbá kan. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa àti ẹ̀yin ará Ilé-Ogbó pawọ́ pọ̀ láti máa tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan ní èdè Yorùbá lórí ìṣọ́ ìlú ní agbègbè yìí. Kí ọdẹ sọ ohun tí ó rí nínú igbó. Kí àgbẹ̀ sọ ohun tí ó pàdánù. Kí darandaran tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sọ tẹnu rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ọlọ́pàá dáhùn bí ó bá ní èsì. Kí a fi ohun tí ó bá lè pa ènìyàn lára sílẹ̀ láìtẹ̀. Òfin kan péré ni n ó fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni tí a bá kọ nípa rẹ̀ yóò ní àyè láti fèsì nínú ìwé tí ó tẹ̀ lé e, lórí ojú ewé kan náà. Owó ìwé náà kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ ẹni tí ìwé náà ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò wá.

Kò ní jẹ́ iṣẹ́ tí ó rọrùn. Ẹni tí a bá kọ nípa rẹ̀ yóò bínú, àwọn mìíràn yóò ní kí a fi ọ̀rọ̀ náà mọ sílé. Ṣùgbọ́n ìlú Òwu kò ní ìwé. Ohun tí a mọ̀ nípa bí ó ṣe tú, ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni a ti gbọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀. N kò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún Ilé-Ogbó.